Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe alẹ́ orin l'Ádó, ẹ wá gbọ́ tẹnu mi

Ìbéèrè kan làwọn èèyàn máa ń bi mi jù, pé báwo la ṣe ń rí ẹni tó máa sanwó géètì l'Ádó-Èkìtì láti gbọ́ orin tí ò gbọ́ rí, lẹ́nu olórin tí ò mọ orúkọ ẹ̀. A ò ní oògùn kankan o. Ohun tí mo rí nídìí ẹ̀ ni pé orin gan-an kọ́ ló le jù níbẹ̀, ọjọ́ ló le, aago ló le, owó ló le, àti bí àwọn ará ìlú tó o wà ṣe ń gbé ayé wọn. Tó o bá ti mọ ìyẹn, olórin á kàn wá kọrin ẹ̀ ni.

Irú nǹkan tí mò ń sọ yìí, kì í ṣe kílọ́ọ̀bù tí DJ á ti máa lu orin di ìdájí, kì í sì ṣe báńdì òde àríyá. Àwọn ọmọ tó kọ orin ara wọn ni, tí ò sí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kankan lẹ́yìn wọn, ẹlòmíì gìtá kan péré ló gbé wá, ẹlòmíì á mú onílù àti ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù dání, wọ́n á kọrin fún bí ogójì ìṣẹ́jú, òmíràn á bọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ọtí kan lágbègbè Basiri la ti ń ṣe é, àga oníke, abẹ́ páànù, apá kan sì wà ní gbangba.

Èkó ni ojú mi ti kọ́kọ́ là sí i. Mo ti dúró ní géètì níbẹ̀, mo ti gbé wáyà, mo ti bá wọn pín ìwé ìpolówó lábẹ́ bírííjì. Nígbà yẹn Freedom Park ní Broad Street, ibi tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ lọ́dún 2010, ibẹ̀ ni Ade Bantu àti báńdì ẹ̀ ti ń ṣe Afropolitan Vibes láti 2013, gbogbo Fúráìdé kẹta nínú oṣù. Báńdì gidi ló máa wà lẹ́yìn gbogbo olórin tó bá wá, ẹmu sì wà ńlẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè ta ló ń bọ̀ kí wọ́n tó jáde nílé. Fúráìdé kẹta ti pé, ó parí.

Ìyẹn náà ò sì jẹ́ tuntun tá a bá fẹ́ sọ òótọ́. Bobby Benson ní Caban Bamboo tiẹ̀ l'Ékòó, Ebenezer Obey ní Miliki Spot, Sunny Ade ní Ariya ní Jibowu, Fela ní Shrine, tí gbogbo ayé mọ̀ pé Fúráìdé ni Yabis Night, Sátidé ni Comprehensive Show. Olórin tó ní ibi tiẹ̀, tó sì ní ọjọ́ tiẹ̀. Fela tiẹ̀ wá ṣe é tán, torí orin tó bá ti gbé jáde nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kì í sábàá kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́, ẹni tó bá ń lọ sí Shrine mọ̀ pé orin tí ò tíì sí lọ́jà lòun ń lọ gbọ́, ibẹ̀ sì ń kún. Torí náà ẹni tó bá ní ọmọ Yorùbá ò lè jókòó ti orin tí ò mọ̀, irọ́ ló ń pa.

Ṣùgbọ́n tó o bá gbé ti Èkó wá s'Ádó bó ṣe rí, á fọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ nìkan. Sátidé l'Ékìtì, òkú ni, tí kì í bá ṣe òkú, ìgbéyàwó ni, tí kì í bá ṣe ìgbéyàwó, ìwúyè ni. Gbogbo sípíkà tó wà nílùú ti wà lóde, gbogbo onílù ti gba iṣẹ́. Fúráìdé ńkọ́? Vigil. Àwọn tó mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ jù l'Ádó, àwọn tó mọ dúrọ́ọ̀mù lù jù, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́ ọ, ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n ṣì wà, tó bá wá jẹ́ Fúráìdé àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn Rìdíìmù ti lọ sí Holy Ghost Service, ẹni tí ò lè lọ sí Camp ń wò ó ní párìṣì. Sọ́ńdè, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ó ku àárín ọ̀sẹ̀, Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè sì rèé, Champions League ni, ilé ọtí tó bá pa tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àfi kó yáa ti ìlẹ̀kùn. Bá a ṣe dé Tọ́sìdeè nìyẹn, Tọ́sìdeè tó gbẹ̀yìn oṣù, kí owó oṣù lè ti wọlé fáwọn òṣìṣẹ́ ìjọba (tó bá wọlé). Lóòótọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìsìn ní Tọ́sìdeè, àmọ́ wọ́n máa ń tètè parí, ẹni tó bá fẹ́ á tibẹ̀ gbà wá. Sáà 2024 sí 2025 ló dà wá láàmú jù, nígbà tí Man United lọ bọ́ sínú Europa League, tí wọ́n wá ń gbá bọ́ọ̀lù ní Tọ́sìdeè, ọmọkùnrin mélòó l'Ádó ni kì í ṣe ti United? Èmi alára ń jí fóònù wò lẹ́yìn míksà.

Kálẹ́ńdà iléèwé náà gbọ́dọ̀ wà lára ògiri ẹ. EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, wà lọ́nà Ìwòròkó, Pólì wà lọ́nà Ìjàn, tí wọ́n bá wọ ìdánwò, má ṣe ṣòò kankan, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ìgbà yẹn gan-an ni kó o tẹ ìwé ìpolówó jù. Ẹni tó bá wà l'Ádó lọ́dún 2022 nígbà tí ASUU yanṣẹ́ lódì láti February di October mọ ohun tí mò ń sọ, Ìwòròkó dá wáí, ẹni tó ń ta ìndómì ò rí tà, ká tó wá sọ ti onígìtá. Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbà pé a ò lè fi akẹ́kọ̀ọ́ nìkan gbé nǹkan yìí dúró, a gbọ́dọ̀ ní tíṣà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ sẹkitéríàtì, àwọn tó jẹ́ pé ìlú yìí ni wọ́n máa wà bó pẹ́ bó yá.

Aago méje la máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe aago méje ìkésíni ìyàwó o, aago méje gan-an, bó jẹ́ èèyàn mẹ́ta ló ti jókòó a ó bẹ̀rẹ̀ fáwọn mẹ́ta. Ìdí ni pé ẹni tó tètè dé, tó o wá ní kó máa dúró de ẹni tó pẹ́, lóṣù tó ń bọ̀ òun náà á pẹ́ ni, títí gbogbo yín á fi máa bẹ̀rẹ̀ laago mẹ́wàá. Aago mẹ́wàá yẹn náà la sì gbọ́dọ̀ ti ń palẹ̀ mọ́, torí ọkọ̀ Ìwòròkó ti ń wọ́n nígbà yẹn, ọlọ́kadà tó bá sì kù á pe iye tó wù ú. Ọmọ tó ń ronú bó ṣe máa délé, orin ò wọ̀ ọ́ létí mọ́, kódà kó jẹ́ Sunny Ade ló ń kọ ọ́.

Ohun tó tẹ̀lé e ni ètò ta ló ń kọrin ṣáájú ta. L'Ékòó, ẹni tó bá lórúkọ jù ló ń gbẹ̀yìn, á dé ní òru, èèyàn á dúró dè é. L'Ádó, ẹ fi ẹni tó lọ́rẹ̀ẹ́ jù sí àárín. Olórin tí ò tíì lókìkí, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, àbúrò ẹ̀ àtàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ló máa ń kún géètì, tó bá ṣáájú, wọ́n á gbọ́ tiẹ̀ tán wọ́n á lọ, tó bá gbẹ̀yìn, ìgbà tó bá kù díẹ̀ ni wọ́n máa tó yọjú. Àmọ́ tó bá wà ní ìkejì, wọ́n á bá ẹni àkọ́kọ́ níbẹ̀, tí wọ́n bá sì ti ní kí wọ́n gbé àsun wá, wọn ò ní dìde kó tó dé, ibi tí wọ́n ti ń retí àsun ni wọ́n á ti gbọ́ ẹnì kẹta, ẹnì kẹta yẹn náà sì nìyẹn, ó ti rí èèyàn tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ àsun wá gbé mi dé ọ̀rọ̀ màmá tó ni ilé ọtí. Àdéhùn wa ò le: owó géètì tiwa, owó ọtí àti oúnjẹ tiwọn, a ò san owó ibi. Ṣùgbọ́n bá a ṣe ṣe é fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n pè mí sẹ́yìn, wọ́n na ọwọ́ sí àwọn kréètì tí wọ́n tò síbẹ̀.

"Wò ó, èèyàn kún ibí fọ́fọ́, kí ló dé tí kréètì mi ò ṣófo?"

Mo ní, "Mà, wọ́n ń gbọ́ orin ni."

"Ẹni tó ń gbọ́ orin ò ní ọ̀fun ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni wọ́n sọ. Kílọ́ọ̀bù kan wà ní Manchester nílùú òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Haçienda, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Factory àti báńdì New Order ló ni ín, wọ́n ṣí i lọ́dún 1982. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1980, kò sí ibi tó lókìkí tó o, èèyàn ń tò síta, síbẹ̀ wọ́n ń pàdánù owó ṣáá, torí oògùn olóró ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jó níbẹ̀ ń gbé mì, omi ni wọ́n ń mu lé e, ọtí ò tà. Wọ́n tì í pa lọ́dún 1997. Ti wa kì í ṣe ti oògùn, ṣùgbọ́n ibi kan náà ló já sí, èrò tó kún kọ́ ni owó. Ẹni tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ orin kì í fẹ́ pariwo pe sálésì, ojú á tì í.

Ohun tá a ṣe ni pé a fi ogún ìṣẹ́jú sáàárín olórin kan àti èkejì, a tan iná sókè, àwọn sálésì bọ́ sáàárín èrò pẹ̀lú ìwé àti bírò, wọ́n ń kọ ohun tí kálukú ń fẹ́. Tí orin bá bẹ̀rẹ̀, kò sí blender, kò sí kí wọ́n máa da yìnyín, àsun tí wọ́n ti sun ni wọ́n ń gbé wá. Ìsinmi yẹn ni màmá ti ń rí owó wọn báyìí, kódà àwọn ló máa ń sọ fún mi pé, "Ìsinmi tọ̀tẹ̀ yìí kúrú o." Àwọn olórin kan kọ́kọ́ ń bínú pé a ń gé wọn kúrú. Mo ní kí wọ́n bínú, tí màmá bá lé wa, gbogbo wa la jọ máa lọ kọrin nínú yàrá.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ owó níná. Ọmọkùnrin kan láti Ìkéré ló ń kọrin lálẹ́ ọjọ́ kan, orin tó kọ nípa ìyá ẹ̀ tó ń ta ẹ̀kọ, gìtá nìkan, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Dádì kan dìde láti tábìlì iwájú. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, orin ló wọ̀ wọ́n lára, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ igba náírà mọ́ ọn níwájú orí. Ọmọ yìí ti ṣeré òde rí, bó ṣe rí owó báyìí, ìka ẹ̀ yí padà lórí gìtá, ó bèèrè orúkọ Dádì lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ bá poórá, ó di "ọmọ Èkìtì kete, ẹ bá mi kí wọn." Bàbá tó jókòó ní tábìlì kejì ò lè wò ó níran, òun náà dìde. Ẹnì kẹta dìde. Orin ò padà síbi tó ti kúrò títí àkókò ẹ̀ fi pé, àwọn ọmọ iléèwé tó sanwó géètì tiwọn wá ń tẹ fóònù.

Mi ò bínú sí owó níná o, òun ló bọ́ jùjú, òun ló bọ́ fújì, mélòó nínú àwọn olórin wa ni ì bá ti jẹun láìsí i? Àmọ́ lálẹ́ tó jẹ́ pé orin tí olórin fọwọ́ ara ẹ̀ kọ lèèyàn wá gbọ́, bí owó bá ti kan iwájú orí ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọrin fún. Òfin tiẹ̀ wà lórí ẹ̀, òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21, ẹ̀wọ̀n tí ò ní dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50,000 ó kéré tán, tàbí méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó kà á sí àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ l'Ékòó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lọ́dún 2024. Ìgbà yẹn ló rọrùn fún mi láti sọ̀rọ̀. A gbé igbá ńlá kan síwájú ìtàgé, MC á kéde ẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀ pé inú igbá lowó ń lọ, gbogbo ẹni tó ṣeré lálẹ́ yẹn ló máa pín in.

Dádì yẹn padà wá, mo bá lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó jókòó, mo ṣàlàyé. Wọ́n wo igbá, wọ́n wò mí.

"Ṣé igbá náà ló máa kí mi?"

Wọ́n ò jẹ̀bi. Ẹni tó náwó fẹ́ kí wọ́n dá òun mọ̀, àṣà wa ni, o ò lè fi igbá gba ìyẹn lọ́wọ́ èèyàn. Torí náà, a ní kí MC máa ka orúkọ gbogbo ẹni tó fi nǹkan sínú igbá nígbà ìsinmi, pẹ̀lú oríkì ìlú wọn tó bá mọ̀ ọ́n, onígángan á sì fi ìlù tì í lẹ́yìn díẹ̀. Ìsinmi tún wá dùn sí i, àwọn kan ń fowó sínú igbá kí wọ́n ṣáà lè gbọ́ ara wọn, orin sì ń lọ geere láìsẹ́ni tó dí i lọ́wọ́.

Sípíkà ńkọ́. Àwọn tó ń yáni ní nǹkan orin l'Ádó, òde ni wọ́n mọ̀, wọ́n á gbé sípíkà tó ga ju èèyàn lọ wá síbi tí kò gbà ju ọgọ́rin àga lọ, wọ́n á wá yí bass sókè títí àyà ẹ á fi máa mì. Ẹ sọ fún wọn pé ohùn olórin ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sókè kó mọ́ gaara, kí gìtá àti ìlù wá máa wọlé sábẹ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí orin tí èèyàn ò gbọ́ rí, tí ò bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, kí ló fẹ́ dì mú? Kí sípíkà wà níwájú máìkì, kó kọjú sí èrò, tí máìkì bá ti ń gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu sípíkà, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu wííín. A ò lo odindi dúrọ́ọ̀mù mọ́, àkúbà méjì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti gángan tó fún ibi tó kéré. Soundcheck, ìyẹn ká dán máìkì àti ohun èlò wò kí èrò tó dé, aago márùn-ún ni, ẹni tí ò bá wá, kó má bínú sí ohun tó bá gbọ́.

Kì í sì í ṣe pé mo fẹ́ràn nǹkan kékeré tẹ́lẹ̀ o, epo ló kọ́ wa. Jẹnẹrétọ̀ ńlá la fi ń ṣe é kí wọ́n tó kéde lọ́jọ́ 29 May 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí kò tó igba náírà fò lọ sí nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó fi máa di ìparí 2024 ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan, owó géètì ò sì lè fò bẹ́ẹ̀. Ìyẹn la fi bọ́ sí sípíkà méjì tó mọ níwọ̀n, a gbé inverter àti bátìrì sábẹ́ tábìlì, jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń tan iná kíṣìnì lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Bí ariwo jẹnẹrétọ̀ ṣe kúrò nílẹ̀ báyìí ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé àwọn olórin wa ti ń kọrin dáadáa sí i. Olórin kan náà ni o.

Ní ti owó àwọn olórin, ẹ má fi "a máa polówó ẹ" sanwó fún ẹnikẹ́ni. Tá a bá ti parí, orí tábìlì la ti ń ka owó géètì lójú gbogbo wọn, a ó yọ owó sípíkà, epo àti ọmọ tó dúró ní géètì, ìyókù a ó pín in dọ́gba-dọ́gba, onílù náà á gba tiẹ̀ bí olórin. Ó lè kéré, ó máa ń kéré, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń lọ sílé pẹ̀lú ìfura. Tìráńsífà sì wà nínú ẹ̀ báyìí, ẹni tó wà ní géètì gbọ́dọ̀ rí i pé owó wọ àkáǹtì kó tó jẹ́ kéèyàn wọlé, kì í ṣe kó wo ohun tí wọ́n bá fi hàn án lórí fóònù tiwọn, fake alert ti pọ̀ jù nílùú yìí.

Àwọn kan á ní ká pe olórin ńlá láti Èkó lẹ́ẹ̀kan kí ibẹ̀ lè gbóná. Ẹnì kan ṣe irú ẹ̀ l'Ákùúrẹ́, ibẹ̀ kún lóòótọ́, oṣù tó tẹ̀lé e gbogbo èèyàn ń béèrè pé "ta lẹ tún ń gbé bọ̀?" nígbà tó ní kò sẹ́nì kankan, wọ́n jókòó sílé. Èmi á kúkú wá ọmọ bíi ti Ìjerò yẹn, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń fi ohùn alámọ̀ tí ìyá àgbà ẹ̀ ń sun kọrin sórí gìtá, tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé gan-an. Ẹni tó bá gbọ́ Elémùré Ògúnyẹmí rí mọ̀ pé èdè Èkìtì ti wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìwòyí rò pé àfi kí wọ́n fi ohùn àwọn ará Èkó kọrin. Lálẹ́ tó kọ́kọ́ kọ ọ́, màmá jáde látinú kíṣìnì pẹ̀lú síbí lọ́wọ́, wọ́n ń gbè é, wọ́n mọ ègbè tí òun alára ò mọ̀. Oṣù tó tẹ̀lé e ló mú ègbè yẹn wọnú orin ẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni òjò. Tí òjò July bá bọ́ sórí páànù, kò sí máìkì tó lè bá a du ohùn, ẹ sì mọ̀ pé tòjò Èkìtì kì í kúrú. Màmá ti ní àwọn á fi àjà sí i tówó bá dé, wọ́n sì ti sọ ọ́ léèṣí. Fún ìsinsìnyí, tí ojú ọjọ́ bá ti ṣú ní aago mẹ́rin, a ó kó àga sínú gbọ̀ngán tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, ààbọ̀ èrò ló lè gbà, a sì máa ń tètè sọ fún wọn lórí WhatsApp kí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkéré má bàa dé bá ibi tó kún.